Bàbá Kó Epo Mọ́tò Sínú Ọgbà Iṣu

Láti ọ̀dọ̀ èmi, Bàbá Ìjọ Abíọ́lá Dúrójayé, Olórí Àgbẹ̀ Oníṣu ní Odò-Orò àti gbogbo abúlé tó yí i ká, Alága Ìgbìmọ̀ Òrùlé Ṣọ́ọ̀ṣì, Ẹni-tí-Ọba-ń-bi-léèrè-nígbà-tí-òjò-bá-pẹ́, Oníjíìpù kan ṣoṣo ní àdúgbò wa, sí ọmọ mi Ọláníyì tó wà ní Àbújá tó ń jókòó sórí àga tó ń yí.

Ọmọ mi, mo kí ọ bí a ti ń kí ọmọ tó jìnnà sílé. Bí òtútù bá ń mú yín ní Àbújá, ẹ kú òtútù, bí oòrùn ni ó sì ń pa yín, ẹ kú oòrùn, èmi kò mọ èyí tí ìjọba fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè níbi iṣẹ́ sinmi sí agbedeméjì. Kí ọ̀gá rẹ máa rí ọ bí ìgbà tí ènìyàn rí omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Níbi tí o bá ti ń kà á, máa ṣe àmín lọ, má dúró dè mí.

Gbogbo ará ulé ń kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, akọ kan abo kan, èyí akọ ti ń jà. Olùṣọ́-àgùntàn tuntun ti dé sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ènìyàn dáadáa ni ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré, àwa tó wà níwájú ni a ń gbọ́ ìwàásù, àwọn tó wà lẹ́yìn ń gbọ́ ti ara wọn. Báńkì náà kí mi lórí fóònù, wọ́n ní mo kú ọjọ́ ìbí. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ìyá tó bí mi kò mọ ọjọ́ náà, òjò ló fi ń rántí. Mo dá wọn lóhùn bí ọmọlúàbí, mo béèrè ará ilé wọn, mo sọ bí orúnkún ìyá yín ṣe ń ṣe é, mo sì ní kí wọ́n bá mi kí ọkùnrin tó kó ẹ̀rọ owó wọn wá sí Ìkọ̀lé. Títí di òní wọn kò fèsì. Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn tó ń tọ́jú owó wa nìyẹn?

Àbúrò rẹ Títílọpẹ́ wà dáadáa. Ọmọ náà ń gbìyànjú, òun ni ó ń dáná, òun ni ó ń fọṣọ, kì í ráhùn, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Èkìtì. Bàtà rẹ̀ ti já. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi ni mo kàn ṣàkíyèsí rẹ̀ nítorí pé mo jẹ́ bàbá tó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí a ti sọ̀rọ̀ ìbínú, mo ti dojú fóònù dé sórí tábìlì, kí òkùnkùn lè ṣú sí ti ọwọ́ rẹ níbẹ̀, kí o sì mọ̀ pé inú ń bí bàbá rẹ. Bí ó bá ti ṣú, ó ti tó bẹ́ẹ̀. Mo fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń gba Ọ̀mùò lọ sí Kàbbà, yóò fi lé èkejì rẹ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀, ìyẹn ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ jíìpù ni. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi, kì í ṣe lẹ́nu mẹkáníìkì.

Nígbà tí o wa jíìpù náà wá sílé lákòókò Àjíǹde, tí o ní kí a máa fi gbé ìyá yín lọ gba ìtọ́jú orúnkún rẹ̀ ní ọsibítù Ìdó, o ṣàlàyé fún mi pé mọ́tò tó kù, ẹsẹ̀ méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́rin, ṣùgbọ́n ti jíìpù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo mọ bí ó ṣe rí kí ènìyàn bí ọmọ mẹ́rin kí méjì nínú wọn máa sùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀wọ̀ wọ jíìpù yẹn, n kì í sì í pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé pẹ̀lú ariwo. Mo mọ̀ pé ó ti dàgbà. Ẹni tó lò ó kí o tó rà á, ọwọ́ ẹlòmíràn ni òun náà ti rà á, ẹni yẹn náà kò sì rà á ní tuntun.

Wàyí o, sórí ìdérí ẹnu táǹkì rẹ̀, níbi tí wọ́n ń gbà bu epo sí i, òyìnbó kan kọ nọ́ńbà síbẹ̀. Mo pè ọ́ mo bi ọ́ pé kí ni ó túmọ̀ sí. O ní epo bẹntiróòlù ní ìpele ìpele, pé nọ́ńbà náà ń sọ ìpele tí ẹ́ńjìnnì fẹ́. O ní ilé epo kan wà ní Adó tó ń ta èyí tó gbówó lórí, tí wọ́n ń sọ pé ó lágbára jù, ṣùgbọ́n pé jíìpù yẹn ti dàgbà, kò nílò rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń rà ti tó o, kí á ṣáà máa rà á níbi tí mọ́tò ti ń wọlé tí ó ń jáde, kí ó má jẹ́ èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó dúró sí mi létí ni pé jíìpù yẹn ti dàgbà. Ìyókù, mo fi òye àgbà parí rẹ̀.

Ọmọ mi, ìwọ náà jẹun ní ulé yìí kí o tó lọ jẹ ti Àbújá. Iṣu tuntun, kí ló wà nínú rẹ̀ ju omi lọ? Bí a ti ń sọ ọ́ nílé, uyán tí a fi uṣu tuntun gún, òfò ni. Yóò máa lẹ̀ mọ́ odó, yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kò ní dúró nínú ẹni. Àfi iṣu tó ti sùn lórí ọgbà, tí ọyẹ́ ti fẹ́ sí lára, tí ó ti fi sùúrù gbẹ omi ara rẹ̀, òun ni a fi ń gún iyán fún àgbà. Nítorí náà bí jíìpù bá jẹ́ àgbà, irú epo wo ni ó tọ́ sí i? Epo tó gbó ni. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ kí n tó mọ èyí.

Mo tilẹ̀ lọ wo epo tuntun náà ní ilé epo ní Ìkọ̀lé. Ó ń hó bí wọ́n ti ń bù ú, ó ń ta sí òkè, òórùn rẹ̀ ń gbá ènìyàn nímú kí ó tó kí i. Kò ní sùúrù rárá. Mo ní èyí kò ṣeé gbé síwájú àgbà. Nígbà tí mo wá ń so iṣu mọ́ ọgbà lẹ́yìn ìkórè, mo ra epo sínú àwọn kẹ́ẹ̀gì, mo tò wọ́n sí ẹsẹ̀ ọgbà níbi tí ibòji pọ̀ sí, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n lórí. Mo kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé iná dé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ìyá yín ní òun kò tíì rí irú ọgbà iṣu tó ń rùn bí gárééjì rí. Mo ní kí ó ṣe sùúrù, epo ló ń gbó lọ́wọ́.

Nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo ṣí kẹ́ẹ̀gì kan. Inú mi dùn! Epo náà ti pọ́n bí oyin. Òórùn ìgbéraga yẹn ti kúrò lára rẹ̀, ó ti ń rùn kíkankíkan bí ohun tó ti rí ayé. Mo pe gbogbo ilé kí wọ́n wá wò ó. Mo bù ú fún jíìpù, mo sì ní kí ó jẹ ẹ́ ní àjẹgbádùn.

Láti ọjọ́ náà ni iná kékeré kan aláwọ̀ ọsàn ti tàn níwájú ibi tí mo ń di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú. Kò kú mọ́. Mo rántí fìtílà tí mo rí ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà nígbà tí a lọ bá wọn ṣe òkú, èyí tó ń jó níwájú ibi mímọ́ lọ́sàn-án àti lóru. Mo ní háà, jíìpù yìí náà ń dúpẹ́. Ọ̀wọ̀ iná náà kò jẹ́ kí n fẹ́ súfèé nínú mọ́tò mọ́.

Ọjọ́ ìtọ́jú ìyá yín wá pé. A gbé e sí ìjókòó ẹ̀yìn, a fi ìrọ̀rí ti orúnkún rẹ̀, a kọjá Ìkọ̀lé, a ń lọ sí Ọyẹ́. Jíìpù ti ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, mo rò pé ó ń ní kí n yẹ̀nà fún òun ni. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, ó wúkọ́ bí àgbà tí òkèlè há lọ́nà ọ̀fun, ó gbọ̀n, ó dákẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Mo tẹ gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ mi rí. Títílọpẹ́ ló bẹ́ sílẹ̀ tó gbé òkúta dí ẹ̀yìn táyà, ọmọ akin, ibẹ̀ ni bàtà tí mo wí ti já. Ìyá yín di ìjókòó mú, ó ń ka Orin Dáfídì, kò tilẹ̀ bú mi, èyí ni ó dùn mí jù.

Yísà ọlọ́kadà, ọmọ àwọn Ràfíátù tó ń ta aṣọ lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, ló bá wa níbẹ̀. Ó gbé ìyá yín sẹ́yìn, ẹsẹ̀ náà kò ṣeé ká, ó nà án sójú títì bí ọ̀pá afọ́jú, gbogbo ihò títì tí ọ̀kadà wọ̀ ni ó wọ orúnkún náà. Nígbà tí ó fi dé Ìdó, wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ kọjá. Wọ́n ṣàánú rẹ̀, wọ́n ní kí ó padà wá ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Rídwàn mẹkáníìkì wá wọ́ jíìpù wálé, ó sì wò ó. Ó fa epo inú rẹ̀ jáde, ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi hàn mí bí ó ṣe dúdú. Ó ní Bàbá, epo mọ́tò kì í gbó o, ó máa ń bàjẹ́ ni, iná tó sì ń tàn yẹn, ẹ́ńjìnnì ló ń fi kígbe. Mo bi í pé ṣé bàbá rẹ̀ ní ọgbà iṣu. Ó ní rárá, pé bàbá òun ń ta pákò ní Ìlógbò. Mo ní ó parí. Ni ó bá pè ọ́. Ìwọ náà sì bú mi lórí fóònù, o ní èmi yóò pa jíìpù, jíìpù yóò sì pa ìyá yín, pé ní ọjọ́ Sátidé ọ̀rẹ́ rẹ Wálé yóò wá láti Adó láti gbé e lọ tà. Mo ní kí ó wá gbé e.

Nísinsìnyí, ọmọ mi, mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ìwọ ló jàre. Èmi ni mo jẹ̀bi. Jọ̀ọ́ má ta jíìpù náà, dárí jì mí, mo bẹ̀ ọ́, mo kúnlẹ̀.

Bọ̀dá Níyì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ya ìwé yìí.

Mo mọ̀ pé ibi tí mo kọ “mo kúnlẹ̀” yẹn ni àṣírí ti tú. Bàbá wa? Kí Bàbá kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí? Láti òkè ni mo ti ń bá ohùn rẹ̀ bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo ń gbọ́ ọ létí bí mo ṣe ń kọ ọ́, àfi ìgbà tí mo dé ibi ẹ̀bẹ̀. N kò rí ohùn tí mo máa lò. N kò gbọ́ kí Bàbá bẹ ẹnikẹ́ni rí, báwo ni mo ṣe máa sín in jẹ?

Gbogbo ohun tí mo kọ nípa epo àti ọgbà iṣu ló rí bẹ́ẹ̀ o. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ fún àlejò nìyẹn, pẹ̀lú ọwọ́ àti orí. Ọ̀rọ̀ bàtà nìkan ni mo fi kún un, bàtà náà sì já lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ kò rí láti Àbújá. Láràárọ̀ ni Bàbá ń fọ jíìpù yẹn, bẹ́ẹ̀ kò lọ ibì kankan. Á fi aṣọ nu dígí, á jókòó sínú rẹ̀, á di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, á wá sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé ó ti ti ọ̀nà jíjìn dé. Lánàá, ó pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní ṣé mo rántí irú epo tí ọmọkùnrin Àbújá yẹn ní kí á máa rà. Mo sọ ọ́. Ó ní òun kò bi mí nítorí ara òun o, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ń dúró sí mi lórí ni. Lẹ́yìn náà ó lọ sídìí ọgbà iṣu, ó dúró, ó ń wo àwọn kẹ́ẹ̀gì tó kù bí ẹni tí ajá rẹ̀ bu ọmọ aládùúgbò jẹ.

Màmá ní ẹsẹ̀ òun kò dun òun mọ́. Irọ́ ni. Ó ń sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀yin àti Bàbá má bàa jà sí i. Bí ó bá rò pé n kò wo òun, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé ẹsẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Ó sì ti sọ fún mi pé bí Wálé bá gbé jíìpù lọ, òun kò ní lọ sí Ìdó lọ́jọ́ Ajé, òun kò gun ọ̀kadà mọ́ láyé, kí ẹsẹ̀ náà máa bá òun gbélé, òun á máa fi òrí pa á. Owó tí wọ́n bá ta jíìpù náà, Bọ̀dá mi, ẹ kò ní rí ẹsẹ̀ Màmá rà nínú rẹ̀.

Nítorí náà ẹ pe Bàbá kí Sátidé tó dé. Ẹ pè é lórí fóònù tèmi, màá gbé e lọ bá a lóko. Ẹ má sọ pé ó ba ọkọ̀ jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iṣu, ẹ béèrè ewúrẹ́, ẹ jẹ́ kí ó ráhùn díẹ̀ nípa ohùn olùṣọ́-àgùntàn. Ẹ wá ní ẹ̀yin náà ti rò ó, pé àṣé epo mọ́tò kì í ṣe ẹbí iṣu, ẹbí ẹ̀fọ́ ni. Èyí tí wọ́n já lówùúrọ̀ ló dára, èyí tó bá sùn mọ́jú ti ń rọ, èyí tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú rírun ni. Àgbà tí kò sì ní eyín mọ́, ẹ̀fọ́ tútù ló yẹ kí ó máa jẹ. Kò ní béèrè ti Adó tó gbówó lórí, ti Ìkọ̀lé tó ń tà wàràwàrà ti tó o.

Mo ti sọ ọ́ fún un báyìí gan-an. Ó ní ọmọ tó fi ilé ìwé sílẹ̀ kò lè wá pín oúnjẹ ní ẹbí ẹbí fún òun. Òótọ́ ni mo fi í sílẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ti Màmá lẹ́yìn dé balùwẹ̀, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin àkọ́bí bá sọ ọ́, á ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a jiyàn níbẹ̀.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́, ẹ fi owó epo tuntun ránṣẹ́ àti èyí tí Rídwàn máa fi fọ táǹkì. Bàtà lè dúró.

Ó ku ìwúre, ibi tí Bàbá máa ń parí lẹ́tà sí. Ohun gbogbo lára Bàbá ni mo lè ṣe. Bí mo bá wúkọ́ bíi tirẹ̀, ewúrẹ́ á sá kúrò nídìí gbágùúdá. Mo ti ṣe ohùn rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo akọrin fi dìde. Mo mọ ìwúre yín náà lórí, mo mọ ibi tó ti máa ń mí, mo mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ń wálẹ̀ bí ó bá dé orí orúkọ yín. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo kọ “Ọmọ mi”, mo sì pa á rẹ́, ẹ wo ibi tí bírò ti lu ìwé níhìn-ín. Bí mo bá kọ ọ́ tán, ẹ óò rò pé ẹ ti gbà á, ẹ kò sì ní pè é mọ́.

Ìwúre yín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì fún ẹlòmíràn.

Èmi ni, kì í ṣe Bàbá Ìjọ, kì í ṣe olórí ẹnikẹ́ni,
Títílọpẹ́, àbúrò yín.